Ìbú Àtẹ́lẹwọ́ Kan Lẹ́yìn Ìlà

Iṣẹ́ mi ni láti kọ ìtàn àwọn ẹlòmíì kó sì gún régé. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, èmi ni mo sì máa ń ṣe ìwé ìléwọ́ tí a ń pín ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: fọ́tò lókè, ibi tó ti ṣẹ̀ wá àti àwọn ìdíje tó ti gbá nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a máa bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó ṣe ipò kẹta á ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ife ẹ̀yẹ. Èmi náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó kàn mí nínú rẹ̀.

Ọkùnrin tó wọlé lọ́jọ́ kan kò bu iyọ̀ sí ohunkóhun. Òun ni igbákejì kóòṣì tẹ́níìsì tuntun. Ó ga, ewú ti ń yọjú nínú irùngbọ̀n rẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń mì, tó yẹ kí n ti kìlọ̀ fún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni mo wí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

"Kò burú. Ṣé ẹ máa kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pé mo ṣubú lórí àga?"

"Ẹ ò tíì ṣubú. Ẹ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ni. Ohun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe náà ni gbogbo ẹgbẹ́ yín máa ń ní kí n kọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ibẹ̀ ni mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀, bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́.

Ó ní ìyá òun ló ń fọ yàrá tí àwọn olówó ti ń pààrọ̀ aṣọ ní ẹgbẹ́ tẹ́níìsì kan. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti jù nù mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ títí ó fi pé ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni ẹni kejì tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó lọ sókè òkun fún ọdún méjì, ó ń ti ìdíje kékeré kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sùn sí ibùdókọ̀. Ní ọdún kẹta èjìká rẹ̀ ya. Láti ìgbà náà ló ti ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kan, kí ọ̀gá wa tó ránṣẹ́ pè é.

"Kí ni wọ́n máa ń pè yín lórí pápá?"

"Adájọ́."

Kí ẹni tí kò mọ tẹ́níìsì lè lóye rẹ̀: nínú ìdíje àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í sábà sí ẹni tó ń dá ẹjọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, ìwọ lo máa sọ bóyá ó wọlé tàbí ó jáde. Tí o ò bá rí i dáadáa, ti ẹnìkejì rẹ ni. Ẹ̀rí ọkàn ni gbogbo ilé ẹjọ́ ibẹ̀. Adájọ́ ní bí bọ́ọ̀lù bá fi ìwọ̀n irun kan ṣoṣo kan ìlà, òun á fi sílẹ̀ fún ẹni tí àwọn jọ ń gbá.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ìdíje wo ló dára jù tí ẹ gbá rí?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó wà nínú ìwé." Ó wo fèrèsé. "Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ẹni tó bá borí ni wọ́n máa yàn lọ sókè òkun. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní ó jáde. Ọmọ tí a jọ ń gbá pariwo pé ó wọlé. Bàbá rẹ̀ di wáyà ẹ̀gbẹ́ pápá mú, ó ń pè mí lólè títí mo fi wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yẹn jáde, Akọ̀wé. Báyìí ló ṣe jáde." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì mi, ìka rẹ̀ pé pọ̀. "Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan."

Bírò jábọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ni bàbá tó di wáyà mú.

*

Jórinjórin ni bàbá mi. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló di ojú tó fi ń ríran. Bàbá jó irin pẹlẹbẹ mẹ́rin pọ̀, ó gbé e nà ró lẹ́yìn ilé bí ògiri, ó fa ìlà funfun sí i ní gíga àwọ̀n, kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa gbá bọ́ọ̀lù sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ariwo irin yẹn ni mo fi dàgbà.

Lẹ́yìn ìdíje náà, ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀. Bàbá kò mọ orúkọ ẹni tó borí, orúkọ tó sọ ọ́ ni Olè Orí Ìlà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í gégùn-ún fún un. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, ó pè mí sẹ́yìn irin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.

"Àbúrò, bọ́ọ̀lù yẹn jáde o. Mo rí i kedere. Ìtìjú ló jẹ́ kí n pariwo, bàbá sì gbè mí lẹ́sẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa padà lọ sọ fún wọn báyìí? Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo búra fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì gbé e ṣubú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ó kú, ìbúra yẹn sì di ohun tí mo sin pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ lé tábìlì mi, mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu mi ì bá ti tó. Ohun tí mo sọ ni, "Ṣé kí n fo ọdún yẹn?"

"Ẹ fò ó," ni ó wí.

*

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ bá parí, Adájọ́ á jókòó sí yàrá ìkẹ́rùsí, á máa so okùn rákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ rẹ̀, èmi á jókòó sórí àpótí bọ́ọ̀lù, n ó ṣe bí ẹni tó wá wá nǹkan.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ò nílé ni?"

"Mo nílé. Ilé ọ̀hún ni ò ní yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ta kókó okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní, "Tí wọ́n bá fún mi láyè níbẹ̀, mo máa kó wá." Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wa.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí ó ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ wá rí bàbá mi, mo ní, "O ti rí wọn rí. Àwọn ni wọ́n di wáyà mú."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ẹni tí mo bá gbá ńkọ́?"

"Ó ti kú. Mọ́tò ni."

Ó bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé o gbà pé bọ́ọ̀lù yẹn jáde?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ìwọ ọmọ bàbá rẹ? Kí ló dé tí o fi gbà mí gbọ́?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi, ó ku kí n gba ibẹ̀ kọjá. "Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ," ni mo wí. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn.

*

Màmá Fèrè ló bá wa ṣe alárinà. Òun ni ọ̀gá àgbà àwọn kóòṣì, ẹni ọgọ́ta ọdún tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà ṣe ìsìnkú ló lọ. Bàbá mi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Èmi ni mo gbé omi wọlé.

"Ọmọ gidi ni, bàbá," ni Màmá Fèrè wí. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí lórí pápá."

"Ọwọ́ wo ló fi ń gbá?" Bàbá ṣì mọ tẹ́níìsì.

"Ọwọ́ òsì ni. Ó sì mọ̀ ọ́n gbá!"

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló lọ?"

Ó sọ ọ́.

"Ọdún wo ló ṣe tán?"

Ó sọ ìyẹn náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá gbé ife kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, màmá. Ẹ sọ fún un pé kò sí ọmọ níbí fún Olè Orí Ìlà."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A jọ ń jẹun, ṣíbí nìkan ló ń dún. Nígbà tí Màmá Fèrè, tó rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni orúkọ yẹn, wá ní ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ títí ó fi lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá pè mí sẹ́yìn ilé, ó fara ti irin.

"Ọmọ mi, mo ti darúgbó. Mi ò fẹ́ kí o rò pé ìwọ ni mò ń fìyà jẹ. Jẹ́ kó wá dúró síwájú irin yìí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Tó bá sọ ọ́, mo máa dárí jì í, mo sì máa fún un ní ìwọ. Mi ò béèrè ohun míì mọ́ láyé."

Mi ò sọ fún Màmá Fèrè ohun tí bàbá béèrè. Mo kàn ní wọ́n ti gbà láti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

*

"Rárá," ni Adájọ́ wí.

"Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún wọn lára ọmọ wọn ni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Tí o bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló kù?"

"Mi ò pe bọ́ọ̀lù sí ibi tí kò balẹ̀ sí rí láyé mi. Ìwọ lo kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Èjìká ti lọ. Ife ẹ̀yẹ kò sí. Ìyẹn nìkan ni mo mú bọ̀ láti ìdí tẹ́níìsì."

"Èmi ńkọ́?"

Ó wá sọ ohun tó ń jí mi lójú oorun títí di òní. "Ká ní ẹnì kan ṣoṣo tún wà láyé tó rí i bí mo ṣe rí i, mi ò ní gbà láé. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti bi ara mi pé bóyá ojú ló tàn mí? Bóyá bàbá rẹ ló jàre."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé tí mo bá ṣí ẹnu, mo dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo pa bàbá mi. Tí mo bá pa á mọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò ná Adájọ́, ọ̀rọ̀ kan láàárín ẹni mẹ́rin lẹ́yìn ilé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹlòmíì ló bá mi dákẹ́.

*

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n wá. Irin náà ti dípẹtà, ṣùgbọ́n àmì bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lára rẹ̀, roboto-roboto, ní òkè ìlà funfun. Adájọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀. Màmá Fèrè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé ìkíni lásán ni.

"Sọ ọ́," ni bàbá mi wí.

Adájọ́ wo ilẹ̀. "Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, bàbá. Mo rí i pé ó wọlé, mo sì ní ó jáde. Ẹ forí jì mí."

Bàbá mi yíjú sí irin, ó gbá a mọ́ra, ó sì sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà níbi ìsìnkú. Nígbà tó tán, ó di ọwọ́ òsì ọkùnrin yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo dárí jì ọ́. Máa mú un lọ. Ọmọ rere ni."

Ayọ̀ kún inú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò wo ojú Màmá Fèrè. Ìgbà tí mo fi wò ó, ó ti yí ẹ̀yìn, ó ń lọ sídìí mọ́tò rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, òfin kan wà lára ògiri. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ MỌ̀Ọ́MỌ̀ PE BỌ́Ọ̀LÙ SÍ IBI TÍ KÒ BALẸ̀ SÍ, KÒ SÍ NÍNÚ WA MỌ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ gan-an ti bá òfin yẹn lọ. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn kò ní kàn án.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe àwa méjèèjì. "Ohun tí o sọ ní Sátidé, ṣé òótọ́ ni?"

Adájọ́ wò mí. Tó bá ní irọ́ ni, Màmá Fèrè yóò lọ bi bàbá mi, gbogbo rẹ̀ á sì tú ká. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó, tó ń dúró bóyá mo ní nǹkan láti sọ. Mo wo bàtà mi.

"Òótọ́ ni, màmá."

"Ó dùn mí dé egungun," ni Màmá Fèrè wí. Ó kọjú sí mi. "Akọ̀wé, yọ ojú ewé rẹ̀ kúrò."

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ọ́.

*

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń so okùn tẹ́lẹ̀. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, bàbá mi ti ń jó géètì tuntun fún ilé wa, ó ń kọrin nídìí iná. Àwọn ọmọ tí Adájọ́ kọ́ ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọn ò sì pè é ní Adájọ́ mọ́. Kò ṣàròyé. Ó kàn ń rù ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń so okùn, ó ní, "Bọ́ọ̀lù yẹn máa ń wá sójú àlá mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìlà ló máa ń balẹ̀ sí. Ní báyìí, orí ìlà ló ń bọ́ sí. Mi ò mọ ibi tó balẹ̀ sí mọ́, Akọ̀wé. Bóyá olè ni mí lóòótọ́."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ó jáde," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó sọ fún mi kó tó lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí n tó mọ̀ ọ́."

"Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ lé tábìlì rẹ?"

"Mo mọ̀."

"Níwájú irin?"

"Mo mọ̀."

"Ní ọ́fíìsì Màmá Fèrè?"

Mo tún wo bàtà mi. Ó ta kókó tó kẹ́yìn, ó gé okùn, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì kọ́. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

"Máa lọ sílé," ni ó wí. "Mo lè fẹ́ ọmọ ẹni tó pè mí lólè. Ẹlẹ́rìí mi tó dákẹ́, tó ń wò mí níran, ni mi ò lè fẹ́."

Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ó ti kó ẹrù rẹ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ.

*

Mo bá bàbá mi lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi títí dé ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ń retí kó lù mí, tàbí kó ní irọ́ ni. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù.

"Báwo ló ṣe jìnnà tó lẹ́yìn ìlà?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lélẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó wò ó. Ó wá fi tirẹ̀ náà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ńlá tí iná ti jó lápàá.

"Ìyẹn kò kéré," ni ó wí. "Láti ìdí wáyà, mo rí i."

Mo rò pé etí mi ló ń dún. "Ẹ rí i? Kí lẹ wá ń pariwo fún, bàbá?"

"Ọmọ mi ló ń pariwo. Ṣé kí n jẹ́ kó dá pariwo ni?"

Mo ti sọ fún Màmá Fèrè. Ó ti kọ lẹ́tà sí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó mọ̀, kò sí ẹni tó rí Adájọ́. Mo ti dá ojú ewé rẹ̀ padà sínú ìwé ìléwọ́, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, gbogbo ìdíje tó gbá, àti ọdún tí mo fò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí n ó fún. Kí Màmá Fèrè tó gbọ́, àwa mẹ́rin la mọ̀ pé bọ́ọ̀lù yẹn jáde: ẹ̀gbọ́n mi, bàbá mi, èmi àti òun. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló sọ ọ́ síta, òun náà la sì ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.